Jẹ́jẹ́: bí mo ṣe pín CPU kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi ní ìdí-igi

Sátidé, alẹ́

Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí títì Ọba Adésídà, ní Àkúrẹ́ níbí. Fídíò òde ni mo ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, ìkómọ. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ru gbogbo ẹrù náà. Tòkúnbọ̀ ni: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) oní-core mẹ́rin, ìyẹn ọwọ́ iṣẹ́ mẹ́rin, RAM 8 GB, hard disk oníyíyí 1 TB, Linux Mint 20, kernel 5.4 (kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń pín CPU fún iṣẹ́). Kdenlive ni mo fi ń gé fídíò, ffmpeg ni mo fi ń sọ èyí tó bá ti parí di fáìlì kékeré tó ṣeé gbé sórí fóònù.

Àìsàn tó ń ṣe é nìyí. Bí ffmpeg bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sí nǹkan gidi tí ẹ tún lè fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe. Fídíò inú Kdenlive á máa fò, ohùn á máa já, máósì á máa wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òru la máa ń fi ṣe render, ìyẹn iṣẹ́ ffmpeg yẹn. Ṣùgbọ́n iná ò ṣeé fọkàn tán, bátìrì inverter mi ò sì lè gbé e di ìdájí mọ́. Ó di dandan kí render àti ẹ̀dítì jọ máa lọ lójú ọ̀sán.

Ìyá ìyàwó kan wọlé nírọ̀lẹ́ òní. Ó jókòó, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àǹtí onífídíò, ṣé ìkómọ ni kí n kúkú wá san owó ẹ̀ mọ́ ti ìgbéyàwó ni?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ọjọ́ Ẹtì, lágbára Ọlọ́run." Fídíò tiẹ̀ ò tíì gbé débi kan, nítorí pé fídíò òkú tí a lọ yà ní Ìjù, wákàtí mẹ́fà gbáko, ló ń jẹ gbogbo CPU.

Bí ó ṣe jáde, ọmọ iṣẹ́ mi, tó ń kàwé ní FUTA, ní òun ti mọ ohun tó yẹ ká ṣe. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fún un ní priority tó ga jù lọ, kó lè tètè parí, ká lè rímú mí." Ó tẹ èyí:

sudo nice -n -20 ffmpeg …

Máósì kò tilẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ mọ́. Ó dúró. A ní láti di bọ́tìnnì iná mú kó tó kú.

Sátidé, lẹ́yìn tí a tún un tàn

N kò bá ọmọ náà wí, torí pé èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ "priority" ló ń tan èèyàn jẹ. Nọ́ńbà yìí kò ka agbára, ìwà pẹ̀lẹ́ ló ń kà. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní nice nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti -20 títí dé 19, 0 sì ni gbogbo iṣẹ́ ń bá wáyé. Èyí tó wà ní 19 ni ọmọlúàbí tó ń sọ pé "ẹ máa kọjá, mò ń bọ̀ lẹ́yìn". Èyí tó wà ní -20 ni ẹni tó ń fi ìgbúnwọ́ ti gbogbo èrò nídìí ọkọ̀. Nínú top, ètò tó ń fi àwọn iṣẹ́ tó ń lọ hàn, ẹ ó rí i lábẹ́ NI. PR tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ju NI tí a fi 20 kún lọ.

Ẹnikẹ́ni ló lè fi kún ìwà pẹ̀lẹ́ iṣẹ́ tara ẹ̀. Láti dín in kù, àfi root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, tí sudo ń yá wa ní agbára rẹ̀. Kódà iṣẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé láti 0 lọ sí 10, ẹ ò lè dá a padà sí 0 láìlo sudo. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ti dìde fún àgbàlagbà nínú mọ́tò. Ẹ ò tún lè ní kó dìde fún yín.

Ohun tó yé mi ṣìkejì ni pé ìpín ni nǹkan yìí, kì í ṣe ìlà. Kì í ṣe pé ẹni iwájú á jẹun tán kí ẹni ẹ̀yìn tó bu òkèlè. Kernel ní àtẹ kan tó fi ń wọn ìpín: iṣẹ́ tó wà ní 0 ní ìwọ̀n 1024, ti 5 jẹ́ 335, ti 10 jẹ́ 110, ti 19 jẹ́ 15 péré. Ti -20 jẹ́ 88761. Bí iṣẹ́ méjì bá ń jà lórí core kan, tí ọ̀kan wà ní 0, tí èkejì wà ní 19, ẹ ro 1024 pọ̀ mọ́ 15, ẹ ó rí i pé ti 0 á gba bí 98.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá fi 88761 wé 1024, ẹ ó mọ ohun tí mo rò pé ó ká máósì wa mọ́ ní alẹ́ yìí.

Àtẹ yìí ti wà láti ìgbà CFS, ètò tó ń pín CPU nínú kernel, tí Ingo Molnár kọ, tó wọ kernel 2.6.23 ní 2007. EEVDF tó rọ́pò rẹ̀ láti kernel 6.6, ní 2023, kò sọ ọ́ nù.

Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè ìbéèrè kan tó dáa: "Ṣé tí a bá fi ffmpeg sí 19, kò ní di ọ̀la kó tó parí?" Rárá o. Bí kò bá sí ẹlòmíì tó fẹ́ CPU lásìkò yẹn, ti 19 ló ni gbogbo rẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ kì í mú ebi pa ẹni tó dá jẹun.

Ajé, òwúrọ̀

Ọjọ́ Àìkú, a ò ṣíṣọ́ọ̀bù.

Lónìí mo bẹ̀rẹ̀ render Ìjù lọ́nà tí mo máa ń gbà, lẹ́yìn náà mo ṣí htop (ìbátan top), mo yan ffmpeg, mo ń tẹ F8 títí ó fi dé 19. Kdenlive ń fò bí i ti Sátidé. Mo tẹ renice -n 19 -p pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Bákan náà.

Wákàtí kan ni mo fi ṣòfò kí n tó tẹ èyí:

ps -eLo pid,lwp,ni,comm | grep ffmpeg

Ìlà bí i mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà ní 19. Gbogbo ìyókù wà ní 0, wọ́n ń jẹun lọ ràì.

Lórí Linux, thread kọ̀ọ̀kan (ẹ̀ka iṣẹ́ nínú ètò kan) ló ní nice tirẹ̀. Nọ́ńbà tí mo fún renice, ti thread àkọ́kọ́ ni, thread yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ tó le nínú ffmpeg. Àwọn tó ń fún fídíò pọ̀ ti wáyé kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọn ò sì gbọ́ ohun tí mo sọ fún olórí wọn. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, ẹ ní láti mú gbogbo wọn:

renice -n 19 -p $(ls /proc/4127/task)

Ẹ fi nọ́ńbà iṣẹ́ tiyín dípò 4127. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ fi nice bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ọmọ máa ń jogún nice òbí. Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá kọ nice lásán láìsí nọ́ńbà, 10 ló máa fún un, kì í ṣe 19.

Ajé, ọ̀sán

Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní 19 báyìí. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Kdenlive ṣì ń fò.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti wá dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju kọ̀ǹpútà náà sígboro. Mo ní kí n fi nǹkan kékeré dán an wò. Mo ṣí táàbù méjì nínú tẹ́míńà. Nínú àkọ́kọ́:

taskset -c 0 sh -c 'while :; do :; done'

Nínú èkejì, ohun kan náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú nice:

taskset -c 0 nice -n 19 sh -c 'while :; do :; done'

Iṣẹ́ òfo ni méjèèjì, wọ́n kàn ń yí po. taskset dè wọ́n mọ́ core kan kí wọ́n má ríbi sá sí. Gẹ́gẹ́ bí àtẹ yẹn ṣe wí, ó yẹ kí èkejì máa gba 1.5. Mo wo top: ààádọ́ta, ààádọ́ta. Bí ìgbà tí n kò kọ nice kankan síbẹ̀.

Mo pa wọ́n. Mo wá gbé méjèèjì sínú táàbù kan náà, mo fi & sẹ́yìn àkọ́kọ́. Top ní 98 àti díẹ̀ fún ọ̀kan, 1 àti díẹ̀ fún èkejì.

Àṣẹ kan náà ni. Táàbù nìkan ló yàtọ̀.

Mo ka man 7 sched, ìwé ìtọ́ni Linux lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i. Láti kernel 2.6.38, ní 2011, ni nǹkan kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní autogroup. Mike Galbraith ló kọ ọ́. Ẹni tó ń compile kernel (tó ń sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tó lè ṣiṣẹ́) nínú tẹ́míńà, tó ní kí iṣẹ́ bí ogún máa lọ pọ̀, ni wọ́n ní lọ́kàn: kí ogún iṣẹ́ yẹn má baà fún bíráwúsà rẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, kernel ń kó iṣẹ́ jọ sí agbo-agbo. Session kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tó ti orísun kan náà bẹ̀rẹ̀, jẹ́ agbo kan, táàbù tẹ́míńà kọ̀ọ̀kan sì ní session tirẹ̀. Àárín àwọn agbo ni wọ́n kọ́kọ́ ń pín CPU sí, ọgbọọgba. Ìgbà tí ìpín bá ti wọ inú agbo tán ni wọ́n tó ń wo nice.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá láya méjì ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kó tó mọ Linux. Bí bàbá bá kú, ọ̀nà méjì la lè gbà pín ogún. Orí-ò-jorí: ẹ ka gbogbo ọmọ, ẹ fún kálukú ní tirẹ̀. Ìdí-igi: ẹ ka ìyàwó, ẹ pín ogún sí iye ìyàwó, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan lọ tún ìpín wọn pín nílé ìyá wọn. Bí ìyálé bá bí ọmọ kan ṣoṣo, tí ìyàwó kejì bí mẹ́jọ, orí-ò-jorí á fún ọmọ ìyálé ní ìdá mẹ́sàn-án kan. Ìdí-igi á fún un ní ìdajì ogún.

Ohun tí mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ń ṣe ni orí-ò-jorí. Ìdí-igi ló ń ṣe. ffmpeg ni ọmọ kan ṣoṣo ìyálé: ó dá wà nínú táàbù tirẹ̀. Kdenlive, Firefox, tábìlì Cinnamon, ohun gbogbo tí mo fi máósì ṣí, ọmọ ìyàwó kejì ni wọ́n; session kan náà ló bí wọn. Ọmọ ìyálé wá ń sọ pé, "Ebi ò pa mí, kí ẹ̀yin ọmọ ìyá mi kọ́kọ́ jẹ." Ta ni ọmọ ìyá ẹ̀? Kò sí. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ kò ré kọjá ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ̀, ìdajì ogún sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìyingin. Gbogbo tábìlì mi ń fa ìdajì tó kù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Mo tún àlàyé yìí ṣe fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní ilé àwọn ni mo ń sọ yẹn.

Ìṣẹ́gun

Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbo tí iṣẹ́ kan wà, ẹ wo fáìlì autogroup rẹ̀:

cat /proc/4127/autogroup

Tèmi dáhùn pé /autogroup-152 nice 0. Ẹ wò ó pé agbo fúnra rẹ̀ ní nice. A lè sọ pé kí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda. Ibẹ̀ ni ìwòsàn wà.

Kí n tó lò ó, mo kọ́kọ́ dán ọ̀nà tó rọrùn jù wò: mo pa autogroup pátápátá.

sudo sysctl kernel.sched_autogroup_enabled=0

Lójú ẹsẹ̀ ni Kdenlive rọ̀ ṣọ̀ọ̀. Inú mi dùn títí di nǹkan bí aago mẹ́ta, ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ mi ṣí táàbù, tó ní kí make -j8 bá òun compile iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́jọ, gbogbo wọn ní 0, ní orí-ò-jorí pẹ̀lú Kdenlive tèmi tó jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ mọ èyí tó kù. Mo dá autogroup padà sí 1. Ìdí-igi kò burú; n kò kàn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń lò nílé mi.

Ohun tí mo wá kọ nìyí, mo sọ ọ́ ní jeje, mo gbé e sínú /usr/local/bin:

#!/bin/sh
exec setsid -w sh -c 'echo 19 > /proc/self/autogroup; exec nice -n 19 ionice -c 3 "$@"' sh "$@"

setsid ń dá session tuntun sílẹ̀, kí render ní agbo tirẹ̀, kí n má baà sọ gbogbo táàbù mi di onípẹ̀lẹ́ tipátipá. echo yẹn ń sọ agbo náà di 19. nice ń ṣe ti inú ilé. ionice, màá dé ibẹ̀. Mo wá ń kọ ọ́ báyìí: jeje ffmpeg -nostdin -i iju.mov …

Àléébù kan wà níbẹ̀ tó ká mi mọ́. Nítorí setsid, iṣẹ́ náà kò sí lábẹ́ táàbù mọ́, Ctrl+C kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tẹ Ctrl+C, mo rò pé ó ti kú, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn, méjèèjì jọ ń kọ fáìlì kan náà. pkill ffmpeg ni ẹ ó fi dá a dúró.

Mo tún fi iṣẹ́ òfo méjì yẹn dán an wò, táàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan pẹ̀lú jeje. 98 àti díẹ̀, 1 àti díẹ̀. Mo dìde, mo lọ ra bọ̀ọ̀lì.

Ọjọ́rú

Ọ̀tọ̀ ni CPU, ọ̀tọ̀ ni hard disk. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ń da káàdì kámẹ́rà 64 GB sínú kọ̀ǹpútà, Kdenlive ń padà sí ìwà àtijọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ CPU jókòó láìṣe nǹkan kan. Nice ò ní ẹnu níbẹ̀. ionice ló ni ọ̀rọ̀ disk: class 3 túmọ̀ sí pé kí iṣẹ́ yìí fọwọ́ kan disk nígbà tí ẹlòmíì ò bá lò ó nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń to ìlà disk gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wò ó:

cat /sys/block/sda/queue/scheduler

mq-deadline ló wà nínú àkámọ́, ìyẹn ni pé òun ló ń to ìlà. Mo tẹ modprobe bfq, mo sì yí i sí bfq, torí bfq ń ka class ionice, ó sì bá disk oníyíyí mu. Ó ṣèrànwọ́ fún kíkà. Fún kíkọ, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí rsync, tí a fi ń da káàdì náà, ń kọ kì í lọ tààrà sórí disk. Inú RAM ló ń kọ́kọ́ wọ̀, kernel fúnra rẹ̀ ló máa wá kó o lọ sórí disk nígbà tó bá wù ú, orúkọ rsync kò sì sí lára ẹrù náà mọ́. Nítorí náà mo fi ìjánu sí rsync lẹ́nu: --bwlimit=20000, ìyẹn nǹkan bí 20 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń pẹ́ díẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́.

RAM ńkọ́? Kò sí nice fún RAM. Bí Kdenlive àti Firefox ọmọ iṣẹ́ mi bá kún 8 GB, tí kernel bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lọ sí swap (àyè àfikún RAM) lórí disk oníyíyí, pẹ̀lẹ́ ò ràn án. Mo ń wo /proc/pressure/memory, tó ń fi hàn bí RAM ṣe há tó. Bí nọ́ńbà avg10 bá ti kúrò ní òdo, Firefox ló máa jáde.

Àwọn kan á ní kí n fi Kdenlive sí SCHED_FIFO, ipò real-time, pẹ̀lú àṣẹ chrt, kó di ọba. Mi ò ṣe. Iṣẹ́ real-time kì í bá ti lásán pín nǹkan, ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ìwọ̀nba tí kernel fi pamọ́ fún àwọn yòókù kò ju 50,000 lọ nínú 1,000,000 microsecond. Ohùn ni ó yẹ fún, ìwọ̀nba díẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Ọmọ iṣẹ́ mi gbé laptop rẹ̀ wá, Ubuntu 24.04. Ó lo jeje, ó fi iṣẹ́ òfo méjì dán an wò nínú táàbù méjì: ó ṣiṣẹ́. Ó yọ echo kúrò, nice nìkan ló kù: ó ṣì ṣiṣẹ́! Ó yà wá lẹ́nu díẹ̀. systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń bójú tó àwọn iṣẹ́ Linux, ló ń pín agbo níbẹ̀. Láti systemd 252, ìyàwó mẹ́ta ló ń pín CPU ilé oníkálukú: session.slice tí tábìlì fúnra rẹ̀ wà, ìwọ̀n 100, app.slice tí àwọn ohun tí a ń ṣí wà, 100, àti background.slice, 30. Bí cgroup (agbo tí systemd ń lò yìí) bá ti ń pín CPU báyìí, autogroup kò ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́, kódà bí fáìlì rẹ̀ bá ṣì wà. Táàbù rẹ̀ méjèèjì wà nínú app.slice, ọmọ ìyá ni wọ́n, nice sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ọmọ ìyá. Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ohun tó bójú mu láti kọ ni:

systemd-run --user --scope --slice=background.slice nice -n 19 ffmpeg …

Ẹ tẹ systemd-cgls, ẹ ó rí igi ìdílé náà gbalaja. Mint tèmi ti gbó jù fún ìyẹn, jeje ló tó mi títí màá fi yí i.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo gé ìgbéyàwó náà tán ní aago kan ọ̀sán. Láti àárọ̀ ni render Ìjù ti ń lọ lẹ́yìn, gbogbo core mẹ́rin kún dẹ́nu, n kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá ìyàwó dé ní aago mẹ́rin. Mo na fláàṣì sí i, kò gbà á. Ó ní kí n kọ́kọ́ ṣí i kí òun rí ibi tí òun ti ń jó wọlé. Mo wo htop, ffmpeg ṣì wà níbẹ̀ ní 19. Mo tẹ fídíò náà. Gèlè, aṣọ, onílù tó ń tẹ̀ lé e, owó tí wọ́n ń ná an: ìṣẹ́jú méje gbáko, kò fò lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.